Ta ló ni PS tó wà ní pálọ̀ yín gan-an?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa lónìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ní PS4 tàbí PS5 nílé, nǹkan mẹ́ta péré la mọ̀ ọ́n ṣe lórí ẹ̀: ká tàn án, ká gbá bọ́ọ̀lù, ká pa á. Ibi tí wọ́n kọ "Settings" sí yẹn, a máa ń yẹra fún un bíi géètì tí wọ́n kọ "Ṣọ́ra, ajá ń bẹ níbí" sí lára.

Èrò tèmi nìyí, ẹ lè bá mi jà lábẹ́: ẹni tí kò bá tíì wọ Settings PS ẹ̀ rí, kò tíì mọ̀ bóyá òun ló ni ín. Ike, wáyà àti páàdì nìkan ló dájú pé ó rà. Gémù fúnra ẹ̀, inú àkáǹtì ló wà, àkáǹtì yẹn sì ní orúkọ ẹnì kan lára. Ṣé orúkọ yín ni?

Mo mọ ohun táwọn kan fẹ́ sọ. "Gémù la rà, a ò ra kọ̀ǹpútà. Ta ló ráyè máa ka mẹ́nù?" Ó yé mi. Tẹ́ ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ti gba gbogbo agbára yín, ẹ ò fẹ́ ka nǹkan kan mọ́, ẹ kàn fẹ́ fi Haaland gbá góòlù wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ná.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí tòkunbọ̀, torí ibẹ̀ lowó wà. PS4 ti jáde láti 2013, PS5 láti 2020, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wa ò lè ra tuntun nínú páálí. Tòkunbọ̀ la máa ń lọ wá. Ẹni tó ń tà á á ní, "Ẹ̀gbọ́n, gémù mẹ́wàá ti wà nínú ẹ̀ o. Ẹ̀ ń gbé e délé, ẹ̀ ń gbá a ni." Inú wa á dùn, a ó sanwó, a ó gba ọ̀nà ilé lọ. Kò sẹ́ni tó máa ń béèrè pé: gémù mẹ́wàá yẹn, àkáǹtì ta ni wọ́n fi rà á?

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Gémù tí kì í ṣe CD, àkáǹtì ni wọ́n fi ń rà á, àkáǹtì yẹn ló sì ni ín. Ṣùgbọ́n Sony gba ẹni tó ni àkáǹtì láyè láti mú ẹ̀rọ kan, kó ní, "Èyí ni ti ilé mi." Lórí PS4, "Activate as Your Primary PS4" ni wọ́n ń pè é. Lórí PS5, ó wà nínú "Users and Accounts", níbi tí wọ́n kọ "Console Sharing and Offline Play" sí. Tẹ́ ẹ bá ti tàn án, gbogbo ẹni tó bá lo ẹ̀rọ yẹn ló lè gbá gémù tó wà nínú àkáǹtì náà, kódà bí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Torí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n ṣe ṣe é, kẹ́nì kan rà, kí gbogbo ilé jọ gbá.

Àwa ní tiwa ti sọ ọ́ dòwò. Ẹni tó ń ta gémù á ra ẹyọ kan, á fi àkáǹtì ẹ̀ sórí ẹ̀rọ yín, á gbowó. Mi ò bú wọn o. Owó gémù tuntun ti di nǹkan míì, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń gbádùn gémù lónìí, ọ̀nà yẹn ló gbà rí i. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé wọn kì í sọ ohun tí wọ́n ń tà fún èèyàn. Ẹ rò pé ẹ ra gémù. Ẹ ò ra gémù, ẹ yá a ni, kò sì sẹ́ni tó dá ọjọ́ tí yóò parí fún yín.

Ìdí ni pé ẹni tó ni àkáǹtì lè yí ọkàn padà nígbàkigbà. Tó bá tan Console Sharing sórí PS5 míì, ti yín ti kú nìyẹn, torí PS5 kan ṣoṣo ni wọ́n gbà á láyè fún. Ti PS4, ó lè jókòó sílé ẹ̀ kó wọ ojú òpó PlayStation, kó yọ gbogbo ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ àkáǹtì ẹ̀ kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́fà ni wọ́n ń gbà á láyè láti ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan yẹn ti tó. Ẹ óò kàn tan PS yín lọ́jọ́ kan, ẹ óò rí àgádágodo kékeré lára àwòrán gémù. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kò ní ṣí.

Ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa rí àgádágodo yẹn lórí gémù méje lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó rò pé PS ti bàjẹ́. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe, ìyẹn gbowó lọ́wọ́ ẹ̀, ó tú u, ó fẹ́ eruku kúrò nínú ẹ̀, ó dì í padà. Àgádágodo ṣì wà níbẹ̀. Báwo ni kò ṣe ní wà níbẹ̀? Àìsàn àkáǹtì kì í gbọ́ oògùn eruku.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n tàn án lójú yín, kẹ́ ẹ wọ Settings, kẹ́ ẹ wo orúkọ tó wà níbẹ̀. Ẹ sọ fún un pé kó yọ àkáǹtì tiẹ̀ kúrò, kó sì nu ẹ̀rọ náà mọ́ níṣojú yín. Lórí PS4, "Initialization" ni ẹ óò wá. Lórí PS5, ẹ wọ "System", lẹ́yìn náà "System Software", ẹ óò rí "Reset Options". Tó bá ní, "Á, tá a bá nu ún, gbogbo gémù yẹn á lọ," ó ti fẹnu ara ẹ̀ sọ ẹni tó ni ín fún yín nìyẹn. Ẹ wá fi ìyẹn ná an. Ẹ̀rọ lásán ní owó tiẹ̀, ẹ̀rọ pẹ̀lú gémù àyálò ní owó tiẹ̀.

(Torí èyí ni mo ṣe fẹ́ràn CD. CD kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá wà lọ́wọ́ ẹ̀ ló ni ín, ẹ lè tà á, ẹ lè fi ṣe pààrọ̀. Ẹ kàn rí i dájú pé kì í ṣe PS5 Digital Edition lẹ fẹ́ rà, torí ìyẹn ò ní ẹnu tí ẹ lè ti CD bọ̀.)

Ó yá, àkáǹtì tiyín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ímeèlì ara yín ṣí i. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ta gémù fún yín "bá yín ṣe é kíá". Ẹni tó ni ímeèlì ló ni páswọ́ọ̀dù. Tẹ́ ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ní kẹ́ ẹ mú orílẹ̀-èdè, ẹ óò wá Nàìjíríà títí, ẹ ò ní rí i. South Africa wà níbẹ̀. Àwa kò sí. A ti ń ra PlayStation látìgbà táwọn ẹ̀gbọ́n wa ń gbá Winning Eleven, síbẹ̀ títí di ìgbà tí mò ń kọ èyí, a ò tíì sí nínú ìwé wọn. Torí náà ni gbogbo wa ṣe di ará Amẹ́ríkà tàbí ará ìlú ọba lórí PSN.

Kí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ níbẹ̀? Orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ bá mú, ẹ ò lè yí i padà mọ́ lórí àkáǹtì yẹn. Gift card Amẹ́ríkà kò ní wọ àkáǹtì ìlú ọba. Ẹ ronú sí i kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́: níbo lẹ ti lè máa rí káàdì rà? Ta ní mọ̀lẹ́bí yín ló wà lókè òkun tó lè bá yín rà á? Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìlú yín. Lẹ́yìn náà, ẹ tan "2-Step Verification", kẹ́ ẹ sì da "backup codes" tí wọ́n bá fún yín kọ sínú ìwé, kì í ṣe inú fóònù tí wọ́n lè já gbà lọ́wọ́ yín lójú títì.

Ẹ tún wo àwọn èdè tó wà níbẹ̀. Èdè àwọn ará Finland wà níbẹ̀, ti Thailand wà níbẹ̀. Yorùbá kò sí, Haúsá kò sí, Ígbò kò sí. Mi ò rò pé òun nìkan ló fà á tí a fi ń sá fún mẹ́nù, ṣùgbọ́n ẹni tí gbogbo ohun tó ń kà lórí ẹ̀rọ ẹ̀ jẹ́ èdè àjèjì, ẹ má bínú sí i tó bá ń tẹ "OK" sí ohun gbogbo.

Ó kù NEPA. Ẹ fà sún mọ́ mi, torí èyí ni wọ́n fi ń ba ẹ̀rọ jẹ́ jù.

Àwọn tó ṣe PS rò pé iná kì í lọ. Òun ni wọ́n ṣe ṣe "Rest Mode". Ẹ̀rọ ò kú, ó kàn ń tòògbé, iná ọsàn ń tàn lára ẹ̀, ó ń wa gémù jáde láti íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń gba páàdì yín lágbára. Lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún, ó dáa. Ní ilé tí kò ní ínfátà, ẹ̀rọ tó ń tòògbé yìí ni wọ́n máa já iná mọ́ lójú oorun. Tí iná bá padà dé, ẹ óò rí ọ̀rọ̀ tó ń sọ pé wọn kò pa ẹ̀rọ yìí dáadáa, á wá máa yẹ inú ara ẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ ìgbà kì í sí nǹkan kan. Ìgbà tí nǹkan bá wá wà, ibi tẹ́ ẹ gbá gémù dé ló máa ń bá a lọ.

Ẹ yé fi Rest Mode sílẹ̀. Ẹ máa pa á pátápátá. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí PS4 bọ́ sórí PS5 ló máa ń ṣe àṣìṣe níbí, ẹ̀bi wọn sì kọ́, torí Sony dorí nǹkan kodò mọ́ wọn lọ́wọ́. Lórí PS4, tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnì PS lẹ́ẹ̀kan, ẹ óò bọ́ sí ojú ilé. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mẹ́nù kékeré á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. PS5 ṣe òdìkejì: ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, mẹ́nù á yọ nísàlẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ padà sí ojú ilé. Nínú mẹ́nù yẹn ni "Power" wà, níbẹ̀ lẹ óò ti mú "Turn Off". Ẹ dúró kí iná ara ẹ̀ kú tán kẹ́ ẹ tó yọ ọ́ lára ògiri tàbí kẹ́ ẹ tó sọ pé kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni.

Tí PS bá wá kọ̀ tí kò wọlé dáadáa lẹ́yìn tí iná ti já, kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ pa á, kẹ́ ẹ wá tẹ bọ́tìnì tí a fi ń tàn án, kẹ́ ẹ má fi sílẹ̀. Ó máa dún lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má tíì tú u. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú àáyá méje, á dún lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ tú u báyìí, kẹ́ ẹ fi wáyà USB so páàdì mọ́ ọn. "Safe Mode" nìyẹn. Ẹ óò rí nǹkan méje tí wọ́n to sísàlẹ̀ ara wọn. Ẹ sàmì sí nọ́mbà 5: lórí PS4, "Rebuild Database", lórí PS5, ẹ óò rí i lábẹ́ "Clear Cache and Rebuild Database". Ó kàn ń tún inú ilé tò ni, kì í da ẹrù yín nù. Nọ́mbà 6 àti 7 ni oníjàǹbá. Wọ́n á nu gbogbo ẹ̀ mọ́ féfé. Mo ti rí alátùn-únṣe tó jẹ́ pé nọ́mbà 7 ló máa ń kọ́kọ́ tẹ̀, torí ó yá fún un, á wá ní, "Ó ti dáa, ṣùgbọ́n gémù yín ti lọ o," á sì gbowó iṣẹ́. Láàárín 5 àti 6, ìlà kan ṣoṣo ló wà. Ìlà kan yẹn, ọdún méjì Career Mode ló wà nínú ẹ̀.

Ṣé mo ti dárúkọ Career Mode? Ẹ jẹ́ kí n bínú díẹ̀ níbí. Ultimate Team yín wà lórí ẹ̀rọ EA lọ́hùn-ún. PS yín lè jóná, ẹ ra òmíràn, ẹ bá a níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Career Mode, níbi tẹ́ ẹ ti gbé Wrexham láti ìsàlẹ̀ dé Champions League, inú PS yẹn nìkan ló wà àyàfi tẹ́ ẹ bá tọ́jú ẹ̀ síbòmíì. Lórí PS4, ó rọrùn: Settings, "Application Saved Data Management", ẹ dà á kọ sórí fláàṣì, ó tán. Ọ̀fẹ́ ni. Lórí PS5, wọ́n mú ìyẹn kúrò fún gémù PS5. Ẹ óò san owó PS Plus kí wọ́n tó bá yín tọ́jú ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ tó wọ́n jù ló wá ń gbowó lórí ohun tí ẹ̀rọ àtijọ́ ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwọ̀ra ni mo pè é, mi ò ní pè é ní nǹkan míì.

Ọ̀nà kan ṣì wà tí wọn ò dí. Nínú "System", lábẹ́ "System Software", "Back Up and Restore" wà níbẹ̀. Á da ohun tó wà nínú PS5 yín kọ sórí dírááfù USB, títí kan ibi tẹ́ ẹ gbá gémù dé. Tẹ́ ẹ bá yọ gémù fúnra wọn kúrò nínú ohun tẹ́ ẹ fẹ́ dà kọ, kò ní tóbi. Ẹ máa ṣe é lóṣooṣù.

Ọ̀rọ̀ dátà, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ pa "Automatic Updates" tó wà nínú "Saved Data and Game/App Settings". Call of Duty nìkan lè gbà ju gígábáìtì 100 lọ, ẹ ò sì fẹ́ kó máa wa nǹkan jáde láìbéèrè lọ́wọ́ yín. Tẹ́ ẹ bá ti wà níbẹ̀, ẹ kọjá sí "Captures and Broadcasts", kẹ́ ẹ pa fídíò tó máa ń ká fúnra ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá gba Trophy. Inú PS5 àkọ́kọ́, 825 GB ni wọ́n kọ sí páálí, nǹkan bí 667 ló kù fún yín láti lò. Àyè ò tó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àbúrò nílé, ọ̀dọ̀ yín ni mo ń bọ̀. Màmá ò ní wọ Settings, bàbá ò ní wọ̀ ọ́, ẹ̀yin ni wọ́n máa pè. Ẹ má jẹ́ kí gbogbo ilé máa lo User kan ṣoṣo. Ẹ ṣí ti oníkálukú sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ fi passcode sí tiyín, nọ́mbà mẹ́rin péré ni. Ìjà tó ń wáyé nílé torí pé àbúrò gbá gémù lé ibi tí ẹ̀gbọ́n gbá a dé lórí, ìṣẹ́jú méjì ni Settings fi máa parí ẹ̀.

Tí káàdì ATM ẹnikẹ́ni bá wà lórí àkáǹtì yẹn, ẹ má sùn lálẹ́ yìí tẹ́ ẹ ò bá tíì wọ "Family and Parental Controls". Ẹ ṣí àkáǹtì ọmọdé fún ọmọdé. Níbẹ̀ lẹ ti lè fi iye tó lè ná lóṣù sí òdo, kẹ́ ẹ sì fi wákàtí tó lè gbá gémù lójúmọ́ síbẹ̀. Tí aago bá lù, ẹ̀rọ lè kàn kìlọ̀ fún un, ó sì lè yọ ọ́ síta pátápátá. Ẹ̀yin lẹ máa mú èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kóòdù tí wọ́n fi ń ti ibẹ̀ pa, 0000 ni wọ́n gbé e wá láti ilé iṣẹ́. Gbogbo ọmọ ọdún mẹ́wàá ló mọ̀ ọ́n. Ẹ yí i padà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní mo ń sọ gémù di iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n owó tẹ́ ẹ kó lé ẹ̀rọ yẹn, tó bá jẹ́ ọ̀kadà lẹ fi rà, ẹ óò béèrè ìwé ẹ̀. Settings ni ìwé PS.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é lónìí, kó bẹ̀rẹ̀ látibi kan: Settings, "Users and Accounts", kó ka orúkọ tó wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí orúkọ tẹ́ ẹ ò mọ̀, ẹ má tíì fọwọ́ kan "Delete" o. Tẹ́ ẹ bá pa á rẹ́, gbogbo ibi tí wọ́n gbá gémù dé lábẹ́ orúkọ yẹn á bá a lọ, gémù tẹ́ ẹ ń gbádùn lọ́wọ́ sì lè tì pa. Ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò ẹ̀, kẹ́ ẹ da ohun tẹ́ ẹ bá lè dà kọ, kẹ́ ẹ wá pe ẹni tó ta PS fún yín, kó sọ àdéhùn tó wà lórí àkáǹtì yẹn fún yín nígbà tí nọ́mbà ẹ̀ ṣì ń lọ.